Ìlà Pèrègún Méjì Lórí Ilẹ̀ Ògúnjìnmí

Bí ẹ bá kúrò ní Òsí tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Ìlọ́fà, kí ẹ tó dé ibi tí odò kékeré kan ti gba abẹ́ afárá kọjá, ẹ óò rí ilẹ̀ oko kan lápá ọ̀tún yín tí wọ́n gbin pèrègún sí ní ìlà méjì. Ọ̀kan wà ní àárín, èkejì wà níwájú rẹ̀ díẹ̀, lápá odò. Àlejò tó bá mọ àṣà wa kì í rí i kó má béèrè. Ta ni kò mọ̀ pé ìlà pèrègún kan ṣoṣo la fi ń pa ààlà láàárín ẹni méjì? Kí wá ni ti èkejì? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní àwọn ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Èmi mọ̀. Èmi Salamot, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù, mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí páálí ọṣẹ ìyá mi ló gbin èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Damaris ọmọ Ògúnjìnmí ni. Láti Fọ́ọ̀mù Wáàn la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í tètè sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, yóò kọ́kọ́ rò ó wò ná. Èmi ní tèmi, ẹnu mi ti máa ń dé ibi tí mò ń lọ kí ẹsẹ̀ mi tó dé ibẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé Ọlọ́run ló pa wá pọ̀, pé ọ̀rọ̀ tí Damaris bá fi pamọ́ ni èmi ń ná. Àárò ìgbà yẹn máa ń sọ mí. Mo máa ń rántí ọ̀nà eléruku tí a ń rìn lọ sílé ìwé, aṣọ aláwọ̀ ewé wa tí ọṣẹ ti fọ̀ di funfun, àti bọ̀ọ̀lì kan tí a máa ń pín sí méjì jẹ lábẹ́ igi máńgòrò. Damaris ló máa ń gé e, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìdajì tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

Ní ọdún 1976, nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Tú, bàbá rẹ̀ kú. Ìyàwó méjì ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyálé ni Ìyá Lábọ̀dé, tí Lábọ̀dé ọmọ rẹ̀ ti di ọkùnrin, tó ti láya, tó ti lọ́mọ. Ìyàwó kékeré ni Àbẹ̀bí, Damaris nìkan ló sì bí. Ìdí igi la fi ń pín ogún lọ́dọ̀ wa: bí ìyàwó bá jẹ́ méjì, ìpín á jẹ́ méjì, a kì í ka orí ọmọ. Nítorí náà, ilẹ̀ oko tó wà lọ́nà Ìlọ́fà gbọ́dọ̀ di méjì ọgbọọgba láàárín Lábọ̀dé àti Àbẹ̀bí.

Bàbá Jonah ló pín in. Òun ni olórí ẹbí, òun náà ló sì máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Olóòótọ́ ènìyàn ni. Bí ó bá ní òjò máa rọ̀, ẹ yáa lọ kó aṣọ yín nílẹ̀. Ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ṣóńṣó níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ àti ọ̀nà oko ti pínyà, ó sì ń fẹ̀ bọ̀ títí ó fi dé etí odò. Igbó ti bò ó nígbà náà, koríko ga ju ènìyàn lọ, ẹni tó bá dúró ní ṣóńṣó kò lè rí odò. Wọ́n ta okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Jonah pa orí okùn méjèèjì pọ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó sì kan èèkàn mọ́ ibi tó ti ṣẹ́po. Láti ibi èèkàn yẹn ni wọ́n ti la igbó gbọọrọ já sí ọ̀nà oko, bí odò ṣe nà ni wọ́n ṣe là á. Wọ́n gbin pèrègún tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbàdúrà sí i. Pèrègún tí a bá ti gbàdúrà sí, a kì í hú u mọ́ láéláé. Lábọ̀dé ni àgbà, òun ló kọ́kọ́ mú. Ó mú apá odò. Àbẹ̀bí gba apá ṣóńṣó, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí.

Bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, okùn tí a ṣẹ́po kì í sì í ṣe ojúsàájú. Kò sí ẹni tó ní ibi lọ́kàn. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi bú òkú ọ̀run.

Ìgbà tí wọ́n ṣán igbó tí wọ́n kọ ebè ni wàhálà dé. Gbogbo ojú ló rí i pé apá odò fẹ̀ ju apá ṣóńṣó lọ, ṣùgbọ́n okùn ti sọ̀rọ̀, ta ló máa bá okùn jiyàn? Wọ́n ní ojú ló ń tan ènìyàn jẹ. Obìnrin mélòó ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè ní ìlú wa? Àbẹ̀bí ń kọ ọ́, torí kò ní ọmọkùnrin, kò sì ní ọkọ mọ́. Ó kọ ebè títí kan ẹsẹ̀ pèrègún, ilẹ̀ tán. Lábọ̀dé ń kọ tirẹ̀ lọ, ó ń kọ ọ́ lọ, ilẹ̀ kò tán.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́dún 1977, mo wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ṣùgbọ́n ta ni kì í lọ wo ìkórè? Ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń to iṣu tirẹ̀ síwájú pẹpẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo ìjọ lè rí ohun tí Ọlọ́run fi ọwọ́ wọn ṣe. Òkìtì iṣu Lábọ̀dé ga dé àyà ènìyàn. Ti Àbẹ̀bí, ẹ óò kọ́kọ́ wá a ná kí ẹ tó rí i. Àwọn ènìyàn wo ọ̀kan, wọ́n wo èkejì, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí bẹ́ǹṣì kan bọ́ sórí òmíràn.

"Okùn kan náà, ìdajì kan náà," ni Ìyá Lábọ̀dé wí nígbà tí wọ́n jáde ìsìn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ ló yàtọ̀."

Èyí tó dunni jù wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn obìnrin ilé kan náà máa ń fún ara wọn ní èébù, ìyẹn iṣu tí a óò gé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Àbẹ̀bí ṣa èyí tó dára jù nínú ìwọ̀nba tó ní, ó gbé e lọ bá ìyálé rẹ̀. Ìyálé kò tilẹ̀ nawọ́.

"Gbé uṣu rẹ lọ sí ulé," ló wí. "Èmi éè gbin èébù ọ̀lẹ. Kó má baà ran ulẹ̀ mi."

Ní ìlú àgbẹ̀, ẹ lè sọ pé ènìyàn rorò, ẹ lè sọ pé ó láhun, á fi rẹ́rìn-ín. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Orúkọ yẹn kì í jábọ́ lára. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àbẹ̀bí ń jí lọ sóko kí àkùkọ tó kọ. Ó ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti eérú ìdáná lọ síbẹ̀, ó ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà pa iṣu, ó ń fi ọwọ́ ro ibi tí ọkọ́ kò lè dé. Iṣu rẹ̀ ta ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ìkórè ọdún 1978, nígbà tí wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ti Lábọ̀dé, ẹ̀rín kan náà ló tún gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Damaris sọ fún mi pé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá òun jókòó ti ààrò, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi," ló wí, "bóyá òótọ́ lọ̀n ń sọ. Bóyá ọ̀lẹ ni mí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tíṣà Adégbóyè gbé sísọ́ọ̀sì wọ kíláàsì wa.

Elijah Adégbóyè ni olùkọ́ ìṣirò wa ní Fọ́ọ̀mù Fó, ọmọ Obbo-Ilé ni. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu débi pé òun ló ń bá wa gbá ilẹ̀ kíláàsì. Ó fẹ́ràn ìṣirò bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ méjì jáde, ọ̀kan kékeré irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé, ọ̀kan ńlá tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé kọ́ sára ògiri.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Nínú ńlá yìí, ṣé imú mi nìkan ló gùn?"

"Rárá, sà!"

Ó ní ohun tí ìṣirò ń pè ní ìjọra nìyẹn. Igun kì í yí padà, gbogbo ìhà ló jọ máa ń gùn ní ìlọ́po kan náà. Bí imú nìkan bá gùn, ẹlòmíràn ti wọ inú fọ́tò. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó ya onígun-mẹ́ta gbàǹgbà kan sí pátákó, ó wá fa ìlà kan gba agbedeméjì rẹ̀ kọjá, bí ìdí rẹ̀ ṣe nà ni ìlà náà ṣe nà.

"Èyí tó wà lókè yìí jọ odindi," ló wí. "Ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ìhà odindi. Ààyè inú rẹ̀ ńkọ́? Ìdá mélòó ni nínú odindi?"

"Ìdajì!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn. Ohùn tèmi ló ga jù.

Tíṣà kò sọ pé a gbà á, kò sì sọ pé a kò gbà á. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé onígun-mẹ́ta kéékèèké mẹ́rin láti ara páálí, gbogbo wọn ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tó wà lókè. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ orí, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìyókù mọ́ apá ìsàlẹ̀. Ọ̀kan wọlé lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan wọlé lọ́wọ́ ọ̀tún, àlàfo sì kù láàárín. Ó dorí ẹ̀kẹta kodò, òun náà wọlé. Ọ̀kan lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, kì í ṣe ìdajì. "Ó gùn ní ìlọ́po méjì," ni Tíṣà wí, "ó sì tún fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Méjì lọ́nà méjì ńkọ́?"

Mo ti fẹ́ ṣe àwàdà kan nígbà tí mo gbọ́ pé bẹ́ǹṣì wa ń gbọ̀n. Damaris ń sunkún, láìpariwo, omi kàn ń bọ́ sórí tábìlì. Mo rò pé inú ló ń run ún.

"Salamot," ló wí, "oko yèyé mi nìyẹn."

Kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yé mi, ara mi gbóná. Ọdún méjì gbáko tí wọ́n fi pe obìnrin yẹn ní ọ̀lẹ, ìdá kan ló ń ro tí wọ́n ń fi wé ìdá mẹ́ta! Ká ní ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Lábọ̀dé kí n kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Damaris ní rárá. Ó ní àwọn àgbà ló pín ilẹ̀, àwọn àgbà náà ló gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i. Ó bi mí bóyá páálí wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Páálí ọṣẹ ni mo fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Jonah. Lábọ̀dé wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Àbẹ̀bí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń wo ilẹ̀. Èmi tí n kì í ṣe ará ilé, mo bá wọn gbé páálí. Damaris kúnlẹ̀. Ó fi èédú ya ilẹ̀ oko náà sílẹ̀: ọ̀nà ọkọ̀ nìyí, ọ̀nà oko nìyí, odò nìyí. Ó mú òwú, ó ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọkọ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì bí wọ́n ṣe ṣẹ́ okùn, ó sì fa ìlà pèrègún.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe pín in?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni," ni Bàbá Jonah wí.

Ó kó onígun-mẹ́ta mẹ́rin lé e lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi tò wọ́n sórí ulẹ̀ yìí."

Bàbá Jonah kọ́kọ́ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra kí ó lè mọ̀ pé kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Mo ní olóòótọ́ ènìyàn ni. Ó fi ọ̀kan sí apá ṣóńṣó, ó kún. Ó fi ọ̀kan sí apá odò, ó fi òmíràn sí i, ó wá mú ìkẹyìn dání, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó dorí rẹ̀ kodò tó sì wọlé, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ló rí.

"Okùn éè purọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Gígùn la bi í, gígùn ló sọ fún wa. A éè bi í ní fífẹ̀."

Lábọ̀dé fò dìde. "Ṣé páálí ọṣẹ ni yóò gba ulẹ̀ àbá mi lọ́wọ́ mi?" Ó fi ìbínú jáde. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Jonah mú ènìyàn méjì dání, wọ́n lọ ka ebè tó wà lápá méjèèjì. Ti Lábọ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti Àbẹ̀bí. Ó pe gbogbo wa padà, ó sì sọ fún Àbẹ̀bí lójú gbogbo ilé pé ẹbí ló ṣì í, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀.

Ẹ rò pé ó parí? Ẹ ò mọ Ìyá Lábọ̀dé. Ó so ọ̀já rẹ̀ le. "Ẹ fún un ní ìdajì tirẹ̀," ló wí, "mi ò bá yín jà. Ebè ni ẹ kà, ẹ éè ka uṣu. Ìkórè ń bọ̀. A ó rí ọwọ́ tó lè ro ìdajì." Mo wo ojú Àbẹ̀bí. Ó gba ilẹ̀, kò tíì gba orúkọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Jonah bi Damaris níbo ni kí àwọn wá pa ààlà sí. Damaris tí kì í yára sọ̀rọ̀, ọjọ́ yẹn ló yára. Ó ní kí wọ́n ṣẹ́ okùn sí mẹ́rin, kí wọ́n ka mẹ́ta láti ṣóńṣó. Bàbá Jonah ní ó dára, pé nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ni àwọn yóò gbin pèrègún síbẹ̀.

Damaris ròyìn rẹ̀ fún Tíṣà Adégbóyè pẹ̀lú ìdùnnú. Tíṣà kàn gbé ojú sókè. "Ṣé o dán an wò bí o ṣe dán ìdajì wò?" A padà sí ṣọ́ọ̀bù wa, a gé onígun-mẹ́ta tó kéré sí ti ìṣáájú, títí ó fi di mẹ́rìndínlógún tó kún ilẹ̀ náà. A fa ìlà sí ibi tí Damaris sọ fún àwọn àgbà. Mẹ́sàn-án bọ́ sí apá Àbẹ̀bí, méje péré kù fún Lábọ̀dé.

"Damaris," ni mo wí, "pa ẹnu rẹ mọ́. Àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i. Ọdún méjì ni wọ́n fi jẹ yèyé rẹ níyà. Jẹ́ kó jẹ èrè díẹ̀." Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o. Títí di òní yìí, mo ṣì rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ.

Ó rò ó wò, bó ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan. "Ùwọ mọ bí mo ṣe ń gé bọ̀ọ̀lì," ló wí. Ó kó páálí rẹ̀, ó sì padà lọ bá Bàbá Jonah láti sọ pé òun ṣì í, pé ààlà tí òun dá ti jẹ wọ inú ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Lábọ̀dé ń bọ̀ láti oko nígbà tí wọ́n sọ èyí fún un. Ó ti di ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò bá Damaris sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó dúró sójú ọ̀nà, ó gbé àdá kalẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un sọ. Nígbà tó dé ilé, ó lọ bá a níbi tó ti ń lọ ata. "Àbúrò mi," ló wí, "níbo wá ni kí n gbìn ín sí?"

Tíṣà ló ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Ó ní kí a wá ìdá okùn kan tó jẹ́ pé tí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò jẹ́ ìdajì. A wá a títí. Damaris ló rí i: ká ṣẹ́ okùn sí mẹ́wàá, ká ka méje. Méje lọ́nà méje jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ó ku ẹyọ kan kó pé ìdajì. Damaris ní kí ẹyọ yẹn wà fún Lábọ̀dé, nítorí òun ni àgbà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún 1979 rọ̀, Bàbá Jonah fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ okùn náà, Lábọ̀dé fi èjìká ara rẹ̀ ru pèrègún, wọ́n sì gbìn ín. A kì í hú èyí tí a ti gbàdúrà sí, nítorí náà ìlà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ méjì nìyẹn.

Àwọn ènìyàn mọ Damaris sí olùkọ́ ìṣirò tó gbé ìgbésí ayé rẹ̀ ní Ìlọ́fà. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lóòótọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1985, ó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Kò sí ọdún tí kò kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sí ilẹ̀ yẹn. Á ní kí wọ́n wo ìlà kìíní, á bi wọ́n pé ìdá mélòó ni, wọ́n á sì pariwo "Ìdajì!" gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń gbé ọjà mi kalẹ̀ kí n lè lọ gbọ́ ariwo yẹn. Inú mi á dùn, àyà mi á sì tún máa ro mí. Àbẹ̀bí ti darúgbó nígbà náà. Yóò jókòó sábẹ́ igi, yóò máa sun iṣu fún àwọn ọmọ náà. Tíṣà Adégbóyè ti lọ, Bàbá Jonah ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ti di ilé ẹlòmíràn. Pèrègún nìkan ni kò mọ̀ pé a ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ibi tí mò ń lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìkórè ọdún 1979.

Mo tètè dé lọ́jọ́ náà, mo dúró sí ojú fèrèsé. Lábọ̀dé to iṣu tirẹ̀, ó ga dé ìbàdí. Àbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀. Ó kọjá ìbàdí. Damaris ń gbé iṣu wá, ó ń gbé e wá, ó dé àyà, ó ṣì kù níta. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ kékeré yẹn ti kọ́ obìnrin náà ní ohun tí ilẹ̀ ńlá kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń tọ́jú ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ló ṣe tọ́jú ìdajì, iṣu sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ìyá Lábọ̀dé dìde ní ìjókòó rẹ̀, ó rìn lọ síwájú pẹpẹ, ó gbé iṣu Àbẹ̀bí kan, ó yí i, ó wò ó, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti Damaris ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣa èébù nígbà tí òjìji kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyálé ni. Ó gbé agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́. Àbẹ̀bí kúnlẹ̀ kí i.

"Àbẹ̀bí," ló wí, ó sì gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Fún mi ní èébù rẹ. Kó ran ulẹ̀ mi."